Orí Àpáta La Ti Tọrọ Bọ́ọ̀lù

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo jókòó sí, mo rẹ gààrí síwájú, nígbà tí fóònù mi dún. Mo rò pé àwọn tó máa ń fi ìpolówó dààmú ènìyàn ni. Mo wò ó, mo tún un wò, mo sì figbe ta. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gun orí àga, mo ń fò sókè bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní aṣọ ọdún.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa já wọlé tòun ti igi lọ́wọ́. Ó ní, "Níbo ló wà? Ṣé ó ti wọ abẹ́ àga ni?"

Ejò ló rò pé mo rí.

"Kì í ṣe ejò, sà! Wọ́n ti dá wa lóhùn!"

"Ta ló dá yín lóhùn?"

"Àwọn aláàánú tó ń fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké lówó ìrànwọ́, kí ọmọ aláìní lè ráyè ṣe eré ìdárayá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa wọ̀ wọ́n lójú. Wọ́n fẹ́ rí àwa àtàwọn ọmọ lójú fóònù ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀!"

Ọ̀gá wa gbé igi ti ògiri, ó fọwọ́ lé àyà. "Obìnrin yìí, o fẹ́ẹ́ pa mí. Sọ̀kalẹ̀ lórí àga ìjọba." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀ kan. Kó tó di ìgbà tí a jáde ilé-ẹ̀kọ́, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ìyá tó ń ta ẹ̀wà, fún ọlọ́kadà, fún gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti kọjá lẹ́nu géètì.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí a ti ń bọ̀ lè máa wò ó pé kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń fò lórí àga nítorí ìpè lásán. Wọn kò tíì fún wa ní ohunkóhun o. Wọ́n kàn ní àwọn fẹ́ rí wa ni. Ṣùgbọ́n a ti kọ̀wé sí oríṣiríṣi àjọ ṣáájú ìgbà yẹn. Àwọn kan kò fèsì rárá. Àwọn kan fèsì pé ìlú wa kò sí lára ibi tí àwọn ń bójú tó. Òmíràn tilẹ̀ ní kí a fi àwòrán pápá ìṣeré wa ránṣẹ́, nígbà tí ó sì rí i, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́. N kò bá a wí. Ebè iṣu ló kù síbẹ̀ nígbà náà.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Komu. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo gbá háńdíbọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀ wa, eré tí ẹgbẹ́ méjì ti ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù síra wọn títí wọn yóò fi sọ ọ́ sínú ilé àwọn ọ̀tá wọn. Orúnkún mi ló yẹ̀ tí mo fi jáwọ́. Mo ti gbà pé ó ti parí nìyẹn. Eré sísá àti fífò nìkan ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá dára.

Ìgbà tí ọkà bàbà ń gbó lóko ni nǹkan yí padà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í wá sí ilé-ẹ̀kọ́, nítorí ẹyẹ ẹ̀ga. Bí agbo ẹ̀ga kan bá balẹ̀ sórí ọkà, kí olóko tó pọn omi dé, ó ti di pòròpórò lásán. Nítorí náà, ọmọ ni wọ́n máa ń fi sóko láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó máa lé ẹyẹ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí àwọn abà lọ́jọ́ kan láti lọ bẹ àwọn òbí. Bí a ṣe ń bọ̀, mo rí ọmọbìnrin kan tó dúró lórí àtíbàbà láàárín oko. Agbo ẹ̀ga rọ́ dé bí òjò. Ọmọ náà kò pariwo, kò sì sáré. Ó mú òkúta kan, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó sọ ọ́. Garawa òfìfo kan wà tí wọ́n so mọ́ igi lọ́nà jíjìn réré. Òkúta náà bá a ní àárín gbùngbùn. Gbàgà! Gbogbo ẹ̀ga fò lọ. Ó tún mú òmíràn, ó bá garawa náà kí ó tó ṣíwọ́ mímì.

Mo lu ọlọ́kadà léjìká. "Dúró!"

"Àǹtí, ṣé ẹ gbàgbé nǹkan ni?"

"Mo ní dúró!"

Inú ọkà ni mo gbà débẹ̀, ewé ń ya mí lára. Mo bi ọmọ náà pé, "Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sọ òkò bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Ó ní, "Ẹyẹ ni, mà."

Ọ̀dọ̀ bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ sì ti bá iṣẹ́ lọ, kò tíì wẹ̀yìn. Ọdẹ ni bàbá àgbà náà, Bàbá Ọdẹ ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é. Mo bá a níwájú ahéré rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Ògún tí màrìwò tuntun wà lára rẹ̀, ó ń fi epo pa ìbọn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní eré kan.

"Eré," ni ó wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Tíṣà, bí ọmọ yìí bá ń ṣeré, ìwọ ni yóò máa lé ẹyẹ?"

N kò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi àti gbogbo ọmọ tí mo bá kó wá."

Ó gbójú sókè wàyí. Ó wo aṣọ mi, ó wo bàtà mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Àdéhùn wa nìyẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, a ó dé oko Bàbá Ọdẹ, a ó bá a lé ẹyẹ. Bí oòrùn bá mú tí ẹ̀ga lọ sinmi, a ó bọ́ sí ìhà ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ láìgbin nǹkan, níbi tí ebè iṣu ọdún tó kọjá wà, a ó ṣeré. A fi ọkọ́ tẹ́ ebè náà fúnra wa. Òpó igi ni a fi ṣe ilé bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí mo ní láti ìgbà ọ̀dọ́ mi ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń lé ẹyẹ ní àwọn abà yòókù gbọ́, wọ́n sì ń wá. Ọmọ àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ lóko olóko, ọmọ òrukàn, ọmọ tí kò ní bàtà kankan àfi sílípáàsì. Ọ̀kan nínú wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ láti kékeré, igi ló fi ń rìn. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń bú gbogbo ẹni tó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́. Mo ní, "Ìwọ tó mọ̀ ọ́n tó báyìí, dìde kó o wá ṣọ́lé." Mo fi ṣe àwàdà ni. Ó dìde lóòótọ́. Ó fi igi rẹ̀ ti òpó, ó na ọwọ́ méjèèjì, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ sí i, àyà ni ó fi gbà á. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún dúró sílé wa àfi òun.

Aránṣọ kan nínú ìlú ló bá mi kó wọn jọ. Ó lọ́kàn, ó sì lẹ́nu. Àjákù aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ló fi rán jẹ́sì fún wọn, ó ń kọ́ wọn ní sísá, ó sì ní kí gbogbo ènìyàn máa pe òun ní Kóòṣì. Àwa méjèèjì la fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwa náà la jókòó ti fóònù mi tí a kọ̀wé wọ̀nyẹn, tí òun ń sọ pé, "Àǹtí, ẹ fi kún un pé ebi ń pa wọ́n," tí èmi ń dáhùn pé, "Kóòṣì, wọn kò bèèrè ìyẹn."

Ìdí tí a fi ń wá ìrànwọ́ kò ju pé agbára wa ti pin. Wọ́n pè wá sí ìdíje kan ní Ṣakí, a kò rí ọkọ̀ lọ. Kùkùté gún ọmọ kan lẹ́sẹ̀ lórí pápá, àpò èmi àti Kóòṣì ni ìtọ́jú ti jáde. Àwọn ọmọ yìí mọ̀ ọ́n jù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì bá ẹnikẹ́ni díje rí àfi ara wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ìpè dé, inú wa dùn dé ibi tí ayọ̀ ń dé. Kóòṣì tún gbogbo jẹ́sì fọ̀. Mo kọ́ àwọn ọmọ bí wọn yóò ṣe kí àlejò. Ọmọ tó ń ṣọ́lé sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ kan péré kí wọ́n tó rí wa, nẹ́tíwọọ̀kì lọ.

Kì í ṣe pé ó ń ṣe ségesège o. Ó lọ ni, pátápátá. Òpó rẹ̀ ti kú, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó wá tún un ṣe. Mo rìn yíká ìlú, mo na fóònù sókè bí ẹni tó ń tọrọ òjò. Mo rò ó pé kí n gba Òtu lọ, ṣùgbọ́n báwo ni n ó ṣe kó gbogbo àwọn ọmọ dání? Àwọn aláàánú náà sì ti sọ ọ́ gbangba pé àwọn fẹ́ rí àwọn ọmọ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Mo dé oko Bàbá Ọdẹ tí omijé ti fẹ́ bọ́.

Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Nǹkan tí ẹ ń wá yìí, ṣé òun ló ń jẹ́ kí fóònù máa dún?"

"Òun ni, sà."

"Orí àpáta ló wà."

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn oko rẹ̀, ó ga ju gbogbo igi ibẹ̀ lọ, orí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá ní bí àwọn ọdẹ bá gun ibẹ̀ láti wo ẹran, gbogbo fóònù wọn ló máa ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, ti àwọn ìlú òdìkejì ni wọ́n ń gbà. "Ó tilẹ̀ máa ń lé ẹran fún wa," ni ó wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gùn bó ṣe wù ú. Ìdílé Bàbá ló ń bọ àpáta náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó ní kí n lọ sùn, òun yóò bá a sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọyẹ́ mú débi pé ètè wa ń là. A bá Bàbá ní ẹsẹ̀ àpáta tòun ti igbá omi tútù àti obì. Ó ti tọrọ ọ̀nà. Ó fi obì hàn mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó yàn. Ẹ máa bọ̀. Ẹ bọ́ bàtà."

Àwọn ọmọ gùn ún lọ bí ewúrẹ́. Èmi pẹ̀lú orúnkún mi, mo ń fi ọwọ́ gùn. Ọmọ tó ń ṣọ́lé ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun, òun ni yóò gùn ún fúnra òun. Ó gùn ún dé ìdajì lóòótọ́, ó ń fi ìdí wọ́, ó ń fi igi ti ara. Ibi tí àpáta ti dà bí ògiri ni Kóòṣì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Mo gbà, nítorí ìpè náà ni o." Ó fò mọ́ ọn lẹ́yìn.

A gúnlẹ̀. Áà! Gbogbo ìlú wà lábẹ́ wa, páànù rẹ̀ ń kọ mànà nínú kùrukùru ọyẹ́. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń dún ṣáá, gbogbo ohun tí kò wọlé láti àná ń wọlé. Àwọn ọmọ hó yèè. Kóòṣì so fóònù mọ́ orí igi kan, ó gbé e dúró bí ọ̀págun. Bí aago ti lù, ìpè wọlé.

Ènìyàn mẹ́ta ló wà lójú fóònù: ìyáàfin kan tó dé gèlè kékeré, arákùnrin kan tó wọ dígí, àti ọ̀dọ́ kan tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìyáàfin náà ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Níbo lẹ wà yẹn? Ó dà bí ẹni pé ẹ wà nínú ọkọ̀ òfuurufú."

Mo ṣàlàyé. Ó kọ haà, ó ní kí n yí fóònù ká kí àwọn rí i. Kóòṣì yí igi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta na ọrùn, wọ́n ń wò.

Arákùnrin tó wọ dígí ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, kò sì fi ẹ̀rín sí i. Ta ni yóò máa bójú tó owó? Báwo ni a ṣe mọ̀ pé àwọn ọmọ wà láìléwu lọ́dọ̀ wa? Mo dáhùn bí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Owó wa kì í ṣe títí ayé. Bí ó bá tán, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

Mo ní ìdáhùn sí i. Mo ti há a sórí. Ṣùgbọ́n bó ti wò mí yẹn, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

Bàbá Ọdẹ sún mọ́ igi tí Kóòṣì gbé dání. Ó fi ojú kan wo fóònù bí ẹni tó ń wo ihò òkété. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀, mo kí yín."

Ìyáàfin náà kúnlẹ̀ níbi tó wà lọ́hùn-ún, mo rí i. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yìí fi ń ṣeré, èmi ni mo fún wọn. Kí owó yín tó dé, wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù. Bó bá dé, wọn óò jù ú dáadáa ju báyìí lọ. Bó bá tán, ilẹ̀ mi kò tán. Tíṣà yìí náà, kì í tètè rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá gbà, ọkà mi tí wọ́n ń bá mi ṣọ́ ni kí ẹ bi."

Arákùnrin náà bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún. Ìyáàfin ní, "Ẹ jẹ́ ká rí wọn kí wọ́n ṣeré."

Àwọn ọmọ ti ń retí gbólóhùn yẹn láti àárọ̀. Wọ́n fi òkúta méjì ṣe ilé bọ́ọ̀lù. Ọmọ tó ń ṣọ́lé ju igi rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́. Wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹsẹ̀ lásán wọn ń lu àpáta pàpàpà. Ọ̀kan sọ ọ́, ọmọ tó ń ṣọ́lé mú un. Òmíràn sọ ọ́, ó tún mú un, ó sì yọ ahọ́n. Ó wá kan ọmọ-ọmọ Bàbá Ọdẹ. Ọmọ náà fò sókè, mo rò pé kò ní balẹ̀ mọ́, ó na apá, ó sọ ọ́. Bọ́ọ̀lù náà kọjá lókè ọwọ́ ọmọ tó ń ṣọ́lé, ó gba àárín òkúta méjèèjì, kò sì dúró. Ó tẹ àpáta lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tẹ̀, ó fò kọjá etí àpáta, ó di àwátì.

A ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bó ṣe ń fọ́ igbó lọ.

Ìyáàfin náà ti fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ṣé ẹ ní òmíràn?"

Mo ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ kó má baà dà bí ẹkún. Ọmọ tó ń ṣọ́lé kò wá nǹkan kan. Ó kígbe sókè láti ilé bọ́ọ̀lù rẹ̀ pé, "Rárá o, mà! Ẹyọ kan yẹn náà ni! Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé góòlù ni?"

Ẹ̀rín pa àwọn aláàánú yẹn. Arákùnrin tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ líle ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin ní, "Mo rí i, góòlù ni! Ẹ gbọ́, ohun tí a fẹ́ sọ fún yín ni pé…"

Fóònù kú. Nẹ́tíwọọ̀kì tó dé lẹ́ẹ̀kan náà ti fa iná rẹ̀ tán. Ojú rẹ̀ dúdú, mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀.

Ìyókù ọjọ́ náà, inú igbó ni a wà. A rí bọ́ọ̀lù náà lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan, ẹ̀gún ti lu ú. Kóòṣì gbé e lọ sílé, ó fi abẹ́rẹ́ tó fi ń rán kóòtù rán an, ó fi gọ́ọ̀mù dí i. Kò gbà. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀lù aṣọ ni a ń jù. Nẹ́tíwọọ̀kì padà dé ní ìparí ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé ohun tí mò ń retí bọ̀. Mo pe nọ́ńbà wọn, kò wọlé. Mo kọ̀wé, wọ́n fèsì pé ìgbìmọ̀ ṣì ń jókòó. Àwọn ọmọ ń bi mí lójoojúmọ́, ọmọ-ọmọ Bàbá Ọdẹ nìkan ni kì í bèèrè. Ó rò pé òun ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo sọ fún un títí pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó kàn ń mi orí ni.

Ìdí ẹ̀rọ tó ń lọ ata ni mo wà nígbà tí wọ́n pè. Ariwo ẹ̀rọ náà bo gbogbo rẹ̀. Mo ń gbọ́ "hẹlóò, hẹlóò", mo ń fi ọwọ́ dí etí kejì. Mo kígbe pé, "Ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yẹn! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!" Ìyá tó ni ẹ̀rọ pa á. Gbogbo obìnrin tó tò sídìí ata kọjú sí mi.

Ohùn ìyáàfin náà ni. Kò kí mi tán tó fi ní, "Ṣé ẹ rí bọ́ọ̀lù yẹn?"

"A rí i, mà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún ti lu ú."

"Ó dára. Ìyẹn ni pé ká tètè ṣe é. A ti mú yín. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó lòdì."

N kò lè sọ ohun tí mo dá a lóhùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo gbá ìyá elẹ́rọ mọ́ra, ata sì dé ojú mi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu omi sí mi lójú. Wọ́n rò pé ẹnì kan kú. Nígbà tí mo rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn obìnrin náà hó yèè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo gbàgbé ata mi síbẹ̀, mo sáré gba ọ̀nà oko lọ, èmi tí orúnkún mi kì í jẹ́ kí n sáré.

Ọmọ-ọmọ Bàbá Ọdẹ ni mo kọ́kọ́ bá, ó ń kó igi. Mo ní, "Wọ́n mú wa!" Ó da gbogbo igi náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí mi ká, ó ń sáré, ó ń sáré, títí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sá.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bèèrè ni wọ́n fún wa. A bèèrè ọkọ̀, wọ́n ní kí a máa háyà. Wọ́n sì ní kí a máa fi àwòrán àti rìsíìtì ránṣẹ́ nígbà gbogbo, èyí tó jẹ́ kí Kóòṣì máa bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ ẹni tó ta omi fún un. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù dé, nẹ́ẹ̀tì dé, àpótí oògùn dé. Kánfáàsì dé. Mo rántí ọjọ́ tí a pín kánfáàsì náà lórí pápá. Àwọn kan kò wọ̀ ọ́, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣọ́lé ní kí wọ́n fún òun ní tòun ní pípé, ẹsẹ̀ tó rọ náà fẹ́ bàtà.

Ọdún náà kò parí tí a fi gbéra lọ sí Ìsẹ́yìn, láti bá ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan díje. Bọ́ọ̀sì tí a háyà kún fún orin. Bàbá Ọdẹ wọ gbérí ọdẹ rẹ̀ tòun ti fìlà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Ọmọ tó ń ṣọ́lé kò tíì kọjá Òtu rí, gbogbo àwo orúkọ tó bá wà lójú ọ̀nà ló ń kà sókè fún wa.

Àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ga, wọ́n sì ti ń gbá a pẹ́. Pápá wọn jẹ́ kọnkéré, ẹsẹ̀ àwọn tiwa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti fi góòlù púpọ̀ ṣíwájú wa. Nígbà ìsinmi, Kóòṣì ti pàdánù ohùn rẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ní, "Ṣé ẹ rí àárín òpó méjèèjì yẹn? Oko yín nìyẹn. Ẹ má wo ẹni tó dúró níbẹ̀."

Wọ́n padà wọlé. Ọmọ-ọmọ Bàbá Ọdẹ jù ú, ó wọlé. Ó tún jù ú, ó tún wọlé. Àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ènìyàn méjì dè é, ó sì ń fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń jù ú. A bá wọn dọ́gba. Gbogbo àwọn òǹwòran ti dìde. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù nígbà tí rẹfirí fún wọn ní pẹnáritì: ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, òun àti ẹni tó ń ṣọ́lé wa, kò sí ẹlòmíràn láàárín.

Ọmọ wa dúró. Ọmọ Ìsẹ́yìn náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ, mo rí i tó wò ó, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà sí ìhà ẹsẹ̀ yẹn, nísàlẹ̀, kíkankíkan. Ọmọ wa kò fẹsẹ̀ lọ. Ó kàn da gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀ bí igi tí a gé. Bọ́ọ̀lù bá a ní èjìká, ó ta sókè, ó jáde.

Kí rẹfirí tó fun fèrè, Bàbá Ọdẹ ti wà láàárín pápá. Ó gbé ọmọ náà sókè, ó ń sun ìjálá, fìlà rẹ̀ ti bọ́. Rẹfirí ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, eré kò tíì parí." Bàbá ní, "Ó ti parí lójú tèmi." A fi ẹ̀bẹ̀ mú un jáde. Ọ̀mì ni a ta, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wa yóò rò pé a gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé.

Nígbà tí a ń padà, a dúró ní Ìpàpó láti ra àkàrà. Kí àkàrà tó dín tán, àwọn ọmọ ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń tún eré náà ṣe lẹ́bàá títì. Ọmọ-ọmọ Bàbá Ọdẹ, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, òun ló ń ṣe rẹfirí, òun ló ń ṣe àwọn òǹwòran, òun náà ló ń ṣe bàbá rẹ̀ àgbà, gbogbo àwọn alákàrà ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tó ń ṣọ́lé da ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ léraléra, kí ẹni tí kò rí i lè rí i. Dírẹ́bà ń fun fèrè, ó ń fun ún, ó ní ilẹ̀ ń ṣú lọ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa.